Mo Wà ní Odi

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ọlọ́jà tò sórí gíláàsì níwájú mi. Ó ní kí n gbé wọn wò, pé ẹ̀rọ kì í géni jẹ.

Mi ò gbé ìkankan. Ojú òun gan-an ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ọ, ojú rẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò kó o tó yẹ ọjà wò.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi rìn lórí òkè. Mo sì fẹ́ máa fi gba ojú àwókù sílẹ̀."

"Àwókù kí ni?"

"Àwókù ìlú. Ìlú àwọn ará ìgbàanì."

Ó wò mí bí ẹni pé iwin ni mo ní mo fẹ́ rà.

Iṣẹ́ wa nìyẹn. À ń rìn kiri orí òkè, à ń wá ibi tí àwọn èèyàn gbé rí: odi tó ti wó, ibi tí wọ́n ti ń rọ irin, ilẹ̀ tí àpáàdì pọ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá rí i, a ó tẹ ẹ̀rọ afinimọ̀nà, ẹ̀rọ náà á di ojú ibẹ̀ mú, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè débẹ̀ láìṣìnà. Ọ̀gá wa obìnrin ló rán mi wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá Àpáàdì là ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò lè rí àfọ́kù ìkòkò nílẹ̀ kó má bẹ̀rẹ̀ mú un, ì báà jẹ́ àwo tí wọ́n fọ́ lánàá.

Òkè kan ló kù tí a kò tíì rìn, èyí tí odi òkúta yí ká bí ìgbànú. Àwọn yòókù ti gba ibòmíràn lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi òkè yẹn sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí ilé mi ti dá, orí òkè nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ kì í ti í bi mí ní ìbéèrè.

"Ìwọ lo máa gbé ẹ̀rọ náà, ìwọ ni kó o lọ yàn án," Ìyá Àpáàdì wí. "Ṣùgbọ́n ra èyí tó lè ránṣẹ́, kó o sì mú orúkọ ẹni tí yóò máa gba iṣẹ́ náà wá. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wà lókè yẹn láìsí ẹni tó ń gbọ́ ìró rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì máa gbà á, Mà."

"Ọ́fíìsì máa ń tilẹ̀kùn. Ẹbí kì í tilẹ̀kùn."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹbí tiwọn nìyẹn.

"Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fèsì," ó tún wí, "kí n mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ńbà òkú lo fún mi. Bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá parí tí kò fèsì, sọ̀kalẹ̀. Mà á fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

Ohun tó gbé mi dé iwájú ọlọ́jà nìyẹn.

Ẹ̀rọ kìíní kéré bí ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ti lò dé ìdajì. Ìkejì jẹ́ ojú lásán, bíi fóònù ńlá, kò ní bọ́tìnnì kankan. Ìkẹta sanra, ó ní ìwo kan ṣoṣo lórí, bí ìgbín tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́.

"Èyí ló gbajúmọ̀ jù," ó ti ìkejì sí mi. "Ìka lásán lẹ ó máa fi pa á lára."

"Bí ìka bá kún fún ẹrẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó nù ún, Bàbá."

"Lára ta?"

Mo ti ìka bọ inú ife omi tó ń mu, mo fi kan ojú ẹ̀rọ. Àwòrán ilẹ̀ fò lọ síbi tí mi ò rán an.

"O rí i? Mo ní kó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Mo ti ní ọmọ ìyá kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fowó ra ìkejì rẹ̀."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó da omi ife náà nù.

Mo ní ká gbé méjì tó kù jáde. Ó ní ìta kẹ̀? Mo bi í bóyá inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo fẹ́ máa rìn. A dúró sábẹ́ igi létí títì, àwọn èèyàn ń yà fún wa. Èyí tó kéré ní orí òrùlé ilé tó wà ní òdìkejì títì la wà.

"Ṣé a ti fò ni?" mo bi í.

"Ewé ló ń dí i lójú, Bàbá. Kò rí sátẹ́láìtì dáadáa."

Onílàákàyè ni èyí tó ní ìwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a dúró sí ló ní a dúró sí. Bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ènìyàn lè kó òmíràn sápò, nítorí kò sí iná lórí òkè. Mo ní kó dì í fún mi.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń bèèrè ẹni tí yóò máa gba iṣẹ́ yín. Ṣé ká fi ìyàwó síbẹ̀?"

"Ó ti lọ."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ọ̀rẹ́?"

Mo ń wo ẹ̀rọ ìwo náà.

"Fi nọ́ńbà tìẹ sí i," mo wí.

"Tèmi kẹ̀! Ẹ dákun, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá ṣubú, kí ni kí n ṣe? Kí n ta òmíràn fún yín?"

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Mo yàn án lódì láti ìgbà tó wá gbé ìyá wa kúrò lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí òkè. Mo délé, mo bá bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa, bí ti àlejò. Ilé rẹ̀ ni Màmá kú sí kí n tó débẹ̀. Ó ní òun pè mí, fóònù ò wọlé. Ó ní àìsàn ò mọ̀ pé ó yẹ kó dúró dè mí. Mi ò gbà nígbà yẹn, mi ò sì tíì gbà. Mo pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù. Ṣùgbọ́n orí kì í pa nọ́ńbà rẹ́ bíi fóònù.

Mo kà á fún ọlọ́jà láìwo ibì kankan.

"Ta nìyẹn?"

"Kọ 'Àbúrò' síbẹ̀."

Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan tí mà á máa rán nírọ̀lẹ́, kí n má baà máa tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo wà ní odi, kò séwu. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì orí lẹ́tà. Ohun tó kọ nìyí: MO WA NI ODI. KO SEWU. Mo kà á. Ó pé lójú mi.

Òkè náà dára. Odi rẹ̀ ga ju èjìká mi lọ níbi tí kò tíì wó, àwọn òkúta rẹ̀ sì so mọ́ra láìsí amọ̀. Mo ń rìn ín láti àárọ̀, mo ń tẹ ẹ̀rọ níbi ẹnubodè, níbi àlàpà, níbi tí òjò ti wú àpáàdì síta. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tó ti là wọlé, bí ẹni tó ti mọ ilé. Bí mo bá jẹ búrẹ́dì tán, mo máa ń gbọ́ ìró eyín ara mi. Bí oòrùn bá ń rọ̀, mà á tẹ ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́, mà á sì wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀.

Kò fèsì. Ìrọ̀lẹ́ kejì, kò fèsì. Mo ní ìwà rẹ̀ ni. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, mo ní ọ̀gbẹ́ni oníwo, ṣé o rán an lóòótọ́? Ọ̀sẹ̀ ti fẹ́ parí, mo sì ti ń di ẹrù mi lọ́kàn, nígbà tí ó dún lápò mi.

EMI NAA WA NI ODI.

Mo dìde. Ó ti wá! Ìyá Àpáàdì ló máa ti júwe ọ̀nà fún un. Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi lọ sí ẹnubodè, kò sí níbẹ̀. Mo yí sí ẹ̀yìn, mo ń sáré níbi tí kò yẹ kí ọkùnrin ọjọ́ orí mi ti sáré. "Kékeré!" mo pè é. Orúkọ tí mo ń pè é nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n nìyẹn. "Kékeré o! Ẹnubodè ni kó o gbà!" Òkúta gba ohùn mi, ó dá a padà fún mi.

Mo yí odi náà ká tán. Èmi nìkan ni mo pàdé.

Mo jókòó, mo tún iṣẹ́ náà kà, mo fi ẹnu rẹ̀ kà á. Odi tí mo kọ, odì ló kà. Ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ti ojú ọ̀run ránṣẹ́ sí i pé mo ṣì wà ní odì, kò séwu. Òun náà sì ti wá fèsì pé òun náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo lórí òkè kì í dùn létí. Mo tètè pa á mọ́.

Ìdáhùn ni ìdáhùn ń jẹ́. Ìyá Àpáàdì á mọ̀ pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ti òkú, òkè á sì kù sí mi lọ́wọ́. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fun mi ṣì ń dùn mí níbi tí mo ti fi pè é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ODI OKUTA NI MO N SO. KI I SE IJA.

Ẹ̀rọ náà tún dún.

HAA. BRODA, MO RO PE E TI FI ODI SE ADURA IROLE NI.

Kí n tó mọ ohun tí mà á wí, òmíràn wọlé.

LOJOOJUMO NI MAMA N BEERE YIN. MO N SO FUN WON PE E WA LORI OKE.

Kò sọ èyí fún mi rí. Ó yẹ kó ti sọ ọ́. Mo fi ìyẹn kún ohun tó ṣe mí. Mo kà á títí ojú ẹ̀rọ fi ṣú, mo tẹ̀ ẹ́ kó tún tàn, mo tún kà á.

Lẹ́yìn náà mo tẹ èyí: KI NI MAMA WI?

Mo rán an. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí òkúta kan tí igi kò ṣíji bò, mo kọ ìwo rẹ̀ sójú ọ̀run, mo jókòó tì í.