Ẹran Tó Ń Jẹ Koríko

"Akóredé, ṣílẹ̀kùn! Àwọn ọmọ ti dé."

Alàgbà Jacob ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ni ọgbà ẹranko kékeré tó wà lọ́nà Alajue. Akóredé tó ń tọ́jú ẹran níbẹ̀ kò ṣí nǹkan kan. Láti àárọ̀ ni kò ti lè jókòó. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, bọ́ọ̀sì méjì ti kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi dé láti Ẹdẹ. Lọ́dọọdún, ẹ̀yìn irin ni wọ́n ti máa ń wo erinmi. Lọ́tẹ̀ yìí, Alàgbà ní kí wọ́n wọlé lọ fi ọwọ́ ara wọn fún un ní koríko, kí wọ́n sì ya fọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí ẹ̀rù bá ba ẹran yìí, omi ló máa ń sá lọ. Ẹni tó bá dúró sáàárín òun àti omi ti gbé. Tó bá jáde wá jẹ koríko, ibẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ sí."

"Ẹran tó ń jẹ koríko? Tí a tọ́ láti kékeré, tí mo sọ ní Favour? Wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn!"

Lóòótọ́, erinmi ti la ẹnu gbàgà nínú omi, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín wo? Ìkìlọ̀ ni. Eyín tó gùn tó apá ọmọdé ló ń fi hàn wọ́n. Bó sì ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sáré jù ú lọ.

Tíṣà wọn, Fọlákẹ́, súnmọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé kò séwu?"

"Ewu wo? Akóredé a máa bẹ̀rù ewúrẹ́ pàápàá." Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ sí Akóredé létí. "Tíṣẹ́ bá sú ọ, sọ fún mi kí n wá ẹlòmíràn."

Ọmọ mẹ́ta ló wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ fún Akóredé. Ta ni yóò gba ẹni àádọ́ta ọdún síṣẹ́? Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Fọlákẹ́ ti ń to àwọn ọmọ, àwọn tó kéré jù ló fi síwájú.

"Tíṣà, ẹ mọ Gbọ́láhàn?"

"Tó ń fi igi rìn? A jọ ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ni. Ṣebí ọ̀kadà ló gbá a ní Sekona?"

"Akóredé!" Alàgbà pariwo.

"Kì í ṣe ọ̀kadà, mà. Òun ló ń tọ́jú ẹran níbí kí n tó dé. Erinmi yìí ló gé e lẹ́sẹ̀. Alàgbà ló sanwó ọsibítù, wọ́n ní ká má sọ, kí àwọn èèyàn má baà sá. Èmi ni mo dúró níwájú pẹpẹ, tí mo jẹ́rìí pé ọ̀kadà ni. Irọ́ ni mo pa, gbogbo yín sì ṣe àmín."

Fọlákẹ́ wo Alàgbà. "Sà, ṣé òótọ́ ni?"

Alàgbà ń nu ojú.

"Ẹ padà sínú bọ́ọ̀sì!" Fọlákẹ́ bọ́ síwájú ilẹ̀kùn. "Gbogbo yín! Ẹ má sáré, ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú!"

Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn ti wọ bọ́ọ̀sì, Alàgbà yíjú padà. "Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, sà," ni Akóredé wí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá tún dúró níwájú pẹpẹ."