Àmì Abẹ́ Irun

Ojúlówó ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ wa, mi ò sì kọ̀ ọ́ rí. Tí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n fún lórúkọ tó ju ọjà rẹ̀ lọ, tó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ẹ, ẹ máa fura sí i. Mo mọ irú wọn dáadáa, èmi náà ni.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi yọ eyín fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọláńgidi àtijọ́ jọ, àwọn olórí tánganran tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa, tí ojú wọn jẹ́ gíláàsì, tí eyín wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ìyàwó mi ní òun mọ ohun tí mo rí lára wọn. "Ẹ ti rí aláìsàn tí kì í ké," ó ní.

Mẹ́jọ ni wá nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ọmọláńgidi jọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa ń pàdé nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn, níbi tí òórùn oògùn ikọ́ ti máa ń gba àárín pákó wọlé wá bá wa. Adájọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì ni Alága wa. Tí wọ́n bá ní ká jókòó, ẹni tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ á tún kọ́kọ́ dìde ná. A ní Awakọ̀-òfuurufú, tó ti fi bàálù yí ayé ká tí ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀, àmọ́ tó máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ọmọláńgidi lé e lọ́wọ́. A sì ní Aránṣọ. Òun ló kéré jù nínú wa. Ó ti ń bá wa tún aṣọ àwọn ọmọláńgidi wa ṣe fún ọdún mẹ́ta láìní ẹyọ kan tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní tuntun á gbé e wá. A máa tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, gbogbo wa á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ọmọ náà á sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi kàn mí. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ wọ ẹgbẹ́. Mo ní òógùn ọwọ́ ń ba tánganran jẹ́. Bóyá ó ń bà á jẹ́, bóyá kò bà á jẹ́, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ láti ibi iṣẹ́ mi ni pé ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́, a kì í já a níyàn.

Lẹ́yìn náà màá yọ díńgí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn tí mo fi ń wo ẹ̀yìn eyín, màá gbé irun ọmọ náà sókè, màá wo ọrùn rẹ̀ látẹ̀yìn. Màá wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì àwọn tó ṣe é ni mò ń wá: ẹyẹ kékeré kan, aláwọ̀ búlúù. Tí mo bá rí i, màá ní, "Ojúlówó ni." Tí mi ò bá rí i, màá mi orí bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

Ta ló ní búlúù ni ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́? Èmi ni. Ọmọláńgidi tí mo kọ́kọ́ rà, tí mo sọ ní Ìyálé, ẹyẹ búlúù ló wà lọ́rùn rẹ̀, òun ni mo sì fi ń wọn gbogbo tayé. Mo tún ní ìwé àtijọ́ tí àwọn tó ń ṣe wọ́n kọ nípa iṣẹ́ wọn, lédè ìlú wọn. Mo máa ń gbé e lọ sípàdé. Màá ṣí i, màá fi ìka tọ ìlà kan dé ìkejì, màá ní, "Hùn-ún." Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà. Àwòrán ni mò ń wò.

Ní Sátidé kan, Aránṣọ gbé ọmọláńgidi kan wá, ó fi tówẹ̀lì wé e. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun tó tọ́ òun dàgbà ló fún òun.

"Ìgbà tí màmá wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ń fọṣọ nílé olówó kan," ó ní. "Nígbà tí ìyàwó ilé yẹn ń kó lọ, ó ní kí wọ́n mú nǹkan kan tó bá wù wọ́n nínú ilé. Èyí ni wọ́n mú."

"Nínú odidi ilé?" Awakọ̀-òfuurufú bi í. "Wọn ò rí àga mú?"

"Wọ́n ní àga ò lójú tó lè wo èèyàn."

A rẹ́rìn-ín, inú Aránṣọ sì dùn. Ọmọ náà ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi kàn mí. Ó rẹwà ju Ìyálé lọ. Ètè rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún rò ó. Mo ti bínú sí i kí n tó fọwọ́ kàn án.

Mo gbé irun sókè. Kò sí búlúù. Mo rí nǹkan kan bí ẹsẹ̀ kòkòrò nínú tánganran náà, mo sì ní iná ló là á. Nínú ìbọ̀wọ́, ìka mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó dùn mí láti sọ ọ́," mo ní. Kò dùn mí. "Ayédèrú ni."

Tí mo bá ti dákẹ́ síbẹ̀, à bá ní àṣìṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn wà lára mi, ẹnu mi sì dùn. Mo ní, "Ẹ bá wa kí màmá o. Ìtàn wọn dùn ju ọmọláńgidi wọn lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága pàápàá fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ yẹn ló kù sí mi létí.

Kò wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sì wá ní ìkejì. Àwa tó kù náà ò rí ara wa bíi tàtẹ̀yìnwá. Awakọ̀-òfuurufú ní bí ẹni tó tọ́ èèyàn dàgbà bá lè gbé ayédèrú lé e lọ́wọ́, kí làwa tá a kàn jọ ń jẹ bisikíìtì máa ṣe fún ara wa? A ò bá ara wa ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọláńgidi mọ́, bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọmọ tirẹ̀ wá, apá rẹ̀ á ká a mọ́ra bí ẹni tó wọkọ̀ láàárín àwọn olè. Èmi wà láàárín wọn pẹ̀lú díńgí mi, mò ń gbádùn bí wọ́n ṣe nílò mi tó.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo bá ìyàwó mi ní pálọ̀. Ó gbé Ìyálé sórí itan, ó ń fi àkísà tútù nu ọrùn rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wẹ ìyálé mi. Ìdọ̀tí ti fẹ́ pa á."

Mo gba ọmọ náà, mo gbé irun rẹ̀ sókè. Ọrùn funfun báláú. "Ẹyẹ ibẹ̀ dà?"

"Ẹyẹ wo? Nǹkan búlúù kan wà ńbẹ̀, ó ti bọ́." Ó fi àkísà hàn mí, ó ń yangàn bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ire.

Mo jókòó. Ohun tí iná bá sun mọ́ tánganran, àkísà tútù kì í nù ún. Mo fi àtàǹpàkò lásán pa ọrùn Ìyálé, ó dán bí ẹyin. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn: mo yá ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì jókòó ti ojú ewé tí àwòrán ẹyẹ wà. Odidi ọ̀sán ni mo fi ka ìlà mẹ́ta. Wọ́n ní: *A kì í fi íǹkì ya ẹyẹ wa. A máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀ kó tó wọná. Èékánná ni kí ẹ fi wá a.*

Ẹ ó rò pé mo dìde, mo gba ilé Aránṣọ lọ. Rárá. Mo lọ ra bírò búlúù. Mo jókòó ti Ìyálé, mo ya ẹyẹ sí i lọ́rùn. Ó jọ adìyẹ.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi dá wọn lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn fún un nígbà tí mo délé, mo tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá onímàmá tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́?" ó ní. "Àwọn náà, bírò lẹ máa fi tún tiwọn ṣe?"

Mo bá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níwájú máṣínnì, píìnì mẹ́ta láàárín ètè. Ó yọ wọ́n lẹ́nu kó tó kí mi. Mo sọ ohun tí mo kà nínú ìwé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò àjákù aṣọ kan jáde lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó gbé ọmọ náà jáde nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kankan ò sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo fi èékánná wá a lábẹ́ irun: ìyẹ́ kan, ìyẹ́ kejì, àgógó. Mo fà á lọ́wọ́ síbẹ̀, òun náà gbọ́ ọ.

"Mo ti lọ bá màmá jà," ó ní. "Mo ní kí ló dé tí wọ́n parọ́ fún mi. Mo ní wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín láàárín àwọn ọlọ́lá. Dókítà, 'ẹ' ni wọ́n ń pè mí báyìí. Èmi tí wọ́n pọ̀n. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ní, 'Ẹ ṣeun, mo ti jẹun.'"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá wọn."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní wọn ò bínú sí àlejò."

Màmá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, rédíò kékeré lórí itan wọn. Wọ́n pa á kí wọ́n lè gbọ́ mi. Mo tẹrí ba, mo rojọ́ mi láti orí dé ìdí, mo fi bírò náà kún un.

"Ìwọ ni dókítà eyín yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"O yẹ ẹnu mi wò, mi ò sì la ẹnu fún ọ."

"Ẹ forí jì mí, mà."

"Lọ́jọ́ tí o sọ ọ́, èèyàn mélòó ló rẹ́rìn-ín?"

Mo kà wọ́n lọ́kàn. "Gbogbo wa. Mẹ́jọ."

Wọ́n wo inú yàrá yíká, wọ́n wo Aránṣọ, wọ́n wò mí. "Àwọn tó wà níbí ò pé," wọ́n ní, wọ́n sì tan rédíò wọn padà.

Mo ti rò pé inú yàrá yẹn ni ìtìjú mi máa parí sí. Ní Sátidé ìpàdé tó tẹ̀ lé e, màmá gbà láti wá; nítorí ẹsẹ̀ wọn, Awakọ̀-òfuurufú àti ọmọ oníṣọ́ọ̀bù oògùn ló gbé màmá gun àtẹ̀gùn tàwọn ti àga. Aránṣọ ń tẹ̀ lé wọn, ó gbé ọmọláńgidi dání láìfi nǹkan wé e. Wọ́n gbé màmá kalẹ̀ sídìí tábìlì, òdìkejì mi gan-an.

Mo dìde. Mo ní ojúlówó ni ọmọ Aránṣọ, bí màmá ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Mo ní èmi ni mo parọ́, torí mo pe ohun tí mi ò mọ̀ ní ohun tí mo mọ̀. Mo ní mi ò lè ka ìwé tí mò ń gbé kiri. Mo gbé Ìyálé sórí aṣọ funfun, mo ṣí irun rẹ̀, mo ní kí wọ́n wo adìyẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń retí ẹ̀rín náà, ì bá ràn mí lọ́wọ́.

Alága ló sọ̀rọ̀. "Àwọn tiwa tí ẹ ní ojúlówó ni ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn rí nínú yàrá náà.

Màmá wá kọjú sí Aránṣọ. "Àpò mi dà? Ṣebí ìwọ ni mo fún."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ láti mú un nílẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí àpò náà ṣe wúwo lọ.

Bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ, Awakọ̀-òfuurufú na ọmọláńgidi tirẹ̀ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Aránṣọ, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́."

"Ẹ ní èékánná tiyín, sà," ó ní.

Nígbà tí wọ́n gbé màmá sọ̀ kalẹ̀ tán, tí Awakọ̀-òfuurufú padà wọlé, kò sẹ́ni tó ní ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Alága ló kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n ká a jọ síwájú ara wọn. Èkejì bọ́ tirẹ̀, ẹ̀kẹta bọ́ tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irun sókè. Mo jókòó láàárín wọn, mò ń gbọ́ èékánná lára tánganran. Èékánná Awakọ̀-òfuurufú sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọrùn, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.