Irin Tí Wẹ́dà Ṣe

“Mọ́mì, kí lèyí?”

Gbogbo ẹrù inú báàgì Ìyá Mítà ti wà lórí tábìlì ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ìwé tó fi ń kọ iye tí mítà iná kà, bírò méjì, awò ojú, òróró orúnkún. Irin kékeré kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà. Orí rẹ̀ rí roboto, wọ́n fi awọ wé ìdí rẹ̀, òógùn ọwọ́ sì ti sọ awọ náà di dúdú.

“Irin ni.”

“Mo rí i pé irin ni, mà. Kí lẹ ń fi ṣe?”

Ìbéèrè tó ní ìdáhùn gígùn nìyẹn, èrò sì ti tò sẹ́yìn. Ọdún méjìlélógún ni irin yẹn ti ń bá Ìyá Mítà jáde nílé, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè rí. Àmọ́ ọ̀gá tuntun ti lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà wọ ilé iṣẹ́, tàbí kó gbé e lọ sílé oníbàárà. Gbogbo ẹni tó kà á ló rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ìyá Mítà gan-an kà á, ó mi orí, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ yìí má lọ ṣe ara wọn léṣe.

Ẹ̀ṣọ́ ní òun máa jù ú sínú garawa tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá gbà sí, pé àwọn tó ń ra àlòkù irin máa wá kó o lọ́jọ́ Ẹtì. Kó tó sọ tán, Ìyá Mítà ti di ìdí irin mú. Ẹ̀ṣọ́ di orí rẹ̀ mú. Ìyá tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún àti géńdé ọkùnrin, wọ́n wá ń fa irin mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé méjì.

“Ọmọ mi, fi sílẹ̀,” ló wí, kò sì pariwo. “Ọkọ mi ló ṣe é.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbi iṣẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ fi irin sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ lọ rí ọ̀gá.

Nígbà tí Ìyá Mítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó jẹ́ ná: kéèyàn máa ṣí géètì onígéètì lóṣooṣù, kó máa tẹ̀ ba lẹ́yìn ilé onílé níbi tí wọ́n kan mítà mọ́, kí ajá máa wò ó, kí baálé náà máa wò ó. Agbòjò ló kọ́kọ́ ń gbé, torí pé ẹnu rẹ̀ mú. Ajá kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fà á ya lójú rẹ̀. Ló bá lọ ata gbígbẹ sínú agolo páúdà. Ọjọ́ tó máa lò ó, nílé Ìyá Tíṣà, olùkọ́ kan tí géètì rẹ̀ jẹ́ búlúù, ó gbàgbé láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Òun ló sunkún, ajá jókòó, ó ń wò ó. Ìyá Tíṣà ló bomi sí i lójú títí ó fi ríran. Ó wá ra fèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọn ọ́n, gbogbo ọmọ àdúgbò tú jáde, wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá délé tó ròyìn fún Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìbàdí mú. Ayé ìgbà náà dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan dínà mọ́ ọn níbi ilé àkọ́kù tó wà lẹ́yìn ọgbà Ìyá Tíṣà, tó fún un lọ́rùn, tó sì já aago ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìyá Mítà délé, ó ròyìn fún Wẹ́dà. Nígbà tí obìnrin náà sùn, Wẹ́dà fi okùn wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kò gba iṣẹ́ oníbàárà kankan. Ó jó irin, ó lọ̀ ọ́, ó fi awọ wé e. Nígbà tí Ìyá Mítà dì í mú, ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu wẹ́kú.

Ọ̀gá tuntun kéré sí àkọ́bí Ìyá Mítà, àmọ́ ó mọ̀wà hù: ó dìde, ó fún un lága. Ó yí irin náà síwá sẹ́yìn.

“Mà, ẹ ti fi lu ẹnikẹ́ni rí?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

“Ta lẹ lù?”

“Ọkọ mi.”

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. Ìyá Mítà wá ròyìn bó ṣe jẹ́. Irin náà ò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Tó bá yára, ẹsẹ̀ náà á yára. Tó bá dúró, á dúró. Ó yí padà, kò wojú ẹni, ó là á mọ́ ọn. Wẹ́dà ló ṣubú, tó di ìgbọ̀nwọ́ mú. Ọkùnrin yìí ti ń ti ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, tó ń tọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, torí pé irin tóun fúnra rẹ̀ ṣe ò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó búra níbẹ̀ pé òun ò ní tẹ̀ lé e mọ́ láéláé. Títí ó fi kú ló ń fi àpá yẹn han àwọn oníbàárà, á ní iṣẹ́ ọwọ́ òun dájú, òun gan-an ti tọ́ ọ wò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àmọ́ òfin ni òfin. Ó ní kó gbé irin lọ sílé. Láti ọ̀la lọ, tí kò bá lè rìn láìsí i, òun máa fi í sẹ́yìn tábìlì nínú ọ́fíìsì títí yóò fi fẹ̀yìn tì, kí ẹlòmíì gba àdúgbò rẹ̀. Ìyá Mítà ní òun gbọ́. Ẹ̀yìn tábìlì, òun tó mọ orúkọ gbogbo ajá tó wà ní òpópónà mẹ́rìnlá! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ẹni tí ì bá sì sọ ọ́ fún kò sí nílé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ki irin bọ báàgì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ ọ́. Níkẹyìn ó gbé e sórí àga Wẹ́dà, ó ní, “Ẹ bá mi ṣọ́ ọ,” ó sì yára jáde kó má bàa pa ọkàn dà.

Báàgì fúyẹ́ jù. Kò rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó má bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa dé géètì búlúù, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyá Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀; ajá tó dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ ajá ọjọ́sí, ò tiẹ̀ gbórí sókè.

“Kí lẹ ń wá nínú báàgì látìgbà tí ẹ ti wọlé?” ni ìyá àgbà náà bi í.

Ìyá Mítà sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irin, ọ̀gá, ẹ̀yìn tábìlì, ẹ̀rù. Ìyá Tíṣà fọwọ́ pa ajá náà lórí.

“Wẹ́dà ní kí n má sọ fún yín. Àmọ́ ó ti lọ, èmi náà ò kéré mọ́. Kò jáwọ́ o.”

“Kò jáwọ́ nínú kí ni?”

“Títẹ̀ lé yín. Oṣooṣù tí ẹ bá máa wá síbí, á ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn ọgbà mi, nítorí ilé àkọ́kù yẹn. Tí ẹ bá ti yà sí òpópónà kejì, á padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ mọ́ ló tó ṣíwọ́. Ó ní tí ẹ bá gbọ́, orí òun ni irin máa bà lọ́tẹ̀ yìí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹni a fẹ́ la mọ̀, Ìyá Mítà. A ò mọ ẹni tó fẹ́ni.”

Ìyá Mítà ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọdún mẹ́rin lòun ti ń dá kọjá níbí, tóun ò sì mọ̀.

Ó ka mítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ iye rẹ̀, torí omi ojú ò jẹ́ kó rí ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ó dágbére, ó gba ẹ̀yìn ọgbà. Ilé àkọ́kù ti di ilé alájà méjì, aṣọ ọmọdé ń gbẹ lórí okùn. Lára ògiri Ìyá Tíṣà, níbi tó ga tó ìbàdí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ha ọ̀dà kúrò, ibẹ̀ ti dán. Ó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é rí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Òpùrọ́ ni yín, Wẹ́dà,” ló wí. “Òpùrọ́ gidi. Ó yá, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín. Mo ti mọ ọ̀nà.”

Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó yà sí òpópónà kejì. Kò bojú wẹ̀yìn.