Iná Ojú Ọ̀run Nọ́wè

“Ta ló dáná sungbó yìí tí kò kọ́kọ́ ro etí rẹ̀?”

Ìyá Ọmọ́ṣọlá gbé fọ́tò ojú ọ̀run kan tó ń tàn lóru súnmọ́ ojú. Ibi tí òun àti Ọmọ́ṣọlá ọmọ rẹ̀ ti ń gún láfún lẹ́yìn ilé wọn ní Ìdèrè ni ọmọ náà ti yọ ọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1974 ni, bí ojú ọ̀run bá sì ti pọ́n lẹ́ẹ̀rùn ní Ìdèrè, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì: àwọn ọdẹ ló ń sungbó.

“Kì í ṣe igbó ló ń jó, Màámi. Ojú ọ̀run ló ń tàn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ní Nọ́wè, níbi tí yunifásítì wọn ní kí n wá fi ọdún méjì kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.”

“Iná aláwọ̀ ewé. Ta ló ń koná sí i?”

Zachariah, bàbá Ọmọ́ṣọlá, rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò tó jókòó sí. “Èmi ti bi í láàárọ̀. Ó fèsì títí ọbẹ̀ fi jóná.”

“Ẹ jẹ́ kó fèsì fún èmi náà. Ọbẹ̀ tèmi kò sí lórí iná.”

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n inú ìyá yìí kò dùn sí ìrìn àjò náà. Láńrewájú àbúrò rẹ̀ ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú òmìnira. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ló ń dé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ti Láńrewájú ló dùn kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ́ṣọlá sì ti sọ ọ́ pé bí ìyá òun kò bá gbà, òun kò ní lọ.

Ọmọ́ṣọlá gbé ọmọ odó rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká máa gún un.”

Odó kan, ọmọ odó méjì: bí tìyá ti ń lọ sókè ni tọmọ ń bọ̀ wálẹ̀. Kò pẹ́ tí ègé láfún kan fi ta jáde.

“Ẹ wò ó, Màámi. Àwọn ègé wẹ́wẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún, tí iná mànàmáná ń bẹ lára wọn, ń pòòyì. Bí iná inú fọ́tò yẹn bá ń tàn, ìgbì kan á máa tì wọ́n. Bí ìgbì yẹn bá wá bá ìpòòyì wọn ṣe déédéé, bí ọwọ́ wa ti bára mu yìí, agbára wọn á máa lékún, títí wọn á fi ta sókè.”

Ìyá rẹ̀ wo ègé náà. “Eléyìí bọ́ sílẹ̀. Tiwọn ńkọ́?”

“Àwọn mìíràn kì í padà wálẹ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ń gbà lọ kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán.”

“Wọn kì í padà wálẹ̀ mọ́,” ni ìyá tún wí.

Zachariah wo ilẹ̀. Ẹyin lohùn, Ọmọ́ṣọlá ti jẹ́ kó bọ́.

Ìyá gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Ó tún mú fọ́tò náà, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Lọ bá wọn wá ibi tí wọ́n ń gbà lọ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà o. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, níbí.”