Àmì Kan Ṣoṣo Lójú Àwo

Láti ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì ti pe ìyá ẹ̀ ní òpùrọ́, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn. Ọmọ náà mà gbójú o!

Ọ̀rọ̀ oògùn ló dá a sílẹ̀. Kòkòrò wà nínú ikùn ìyá, ó sì ń ta á bí iná. Láàbù tí Ìyá Ìbejì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé àyẹ̀wò ẹ̀ wá. Òun fúnra ẹ̀ ló gbin kòkòrò náà sójú àwo, títí ó fi yọ àmì bí orí abẹ́rẹ́ káàkiri, agbo kòkòrò kan ni àmì kọ̀ọ̀kan. Ó mú àmì kan ṣoṣo níbẹ̀, ó dán oògùn wò lára ẹ̀. Oògùn pa á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù wọn nìyẹn. Ta ló ráyè mú ogún?

Ìyá lo oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó tún ń bì.

"Màmá, ẹ ò lò ó tán. Ẹ dà á nù."

"Mo lò ó, ọmọ mi."

"Irọ́ ni!"

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò tuntun. Oògùn ò ran kòkòrò náà mọ́ rárá. Ẹ̀rù ba Ìyá Ìbejì. Ó lọ gbé ti àkọ́kọ́ tó wà nínú fíríìsà, ó tún un gbìn, ó wá mú ogún àmì. Oògùn pa mẹ́tàdínlógún. Mẹ́ta tó kù ò tiẹ̀ kà á sí.

Ọ̀gá ẹ̀ fi ti àtijọ́ wé tuntun. "Oríṣi méjì ló ń gbé ikùn kan náà, ojú wọn jọra. Èyí tó gbó, tí oògùn ò ràn, ti fún èyí tí ò gbó ní jíìnì, àbùdá ara tó fi ń borí oògùn. Gbogbo wọn ti gbó báyìí."

Ojú gba Ìyá Ìbejì tì. Nílé ẹ̀, bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú kí èkejì tó mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló yẹ kó fura.

Ọjọ́ tí wọ́n rí oògùn míì tó pa gbogbo wọn, ó gbé e lọ fún ìyá ẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣì í, ẹ ò parọ́."

Ìyá fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Páálí oògùn àkọ́kọ́ ló kún inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti ṣófo.

"Mo tọ́jú ẹ̀ kó o lè wá wò ó. O ò wá."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́kún.

"Ó tó. Bu omi wá," ni ìyá wí. "Kó o sì jókòó síbẹ̀ kó o máa wò mí bí mo ṣe ń lò ó."