Ahun Ìtànṣán

Ahun ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn. Kì í ṣe torí owó o, torí ìtànṣán ẹ̀rọ ni. Ó mọ̀ pé bó bá pọ̀ jù, ó lè di jẹjẹrẹ síni lára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀nba tí àwòrán fi máa hàn ló ń lò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́ láì jókòó sinmi, dókítà ní kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí ẹlòmíì yà á, obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹni tó ti mọ inú mi tẹ́lẹ̀ ni kó wò ó."

Ahun fún un lóògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù. Ó dín agbára ẹ̀rọ kù, ó sì ṣètò rẹ̀ kó máa yàwòrán kìkì ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ láàárín lílù kan sí èkejì. Kọ̀ǹpútà ló máa nu ìdọ̀tí tó bá kù lójú àwòrán.

"Ọkọ mi, ẹ tún wá ń ṣahun sí mi?" Ẹ̀rín ń pa á lórí ibùsùn ẹ̀rọ.

"Torí ọjọ́ ogbó rẹ ni."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbó ná."

Àwòrán jáde, ó mọ́ gaara. Ìtànṣán tó lò ò tó ìdajì èyí tí àwọn yòókù ń lò.

"Ahun, o kú iṣẹ́!" Ọ̀gá gbá a léjìká. Ó wá rí ohun tí Ahun ń wò, ó sì mú ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀. Kókó kan ti ta gbòǹgbò wọnú ògiri ọkàn, níbi tí ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ kankan ò lè dé.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń wọ bàtà. "Ṣó dáa?"

"Ó hàn dáadáa." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a so okùn bàtà.

"Ẹ wojú mi."

Kò lè wò ó. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì béèrè mọ́.

Òjò ò tíì dá lọ́dún yẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ìyàwó wá bá a nínú yàrá.

"Ọkọ ọmọ mi, má bínú. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò pa á lára?"

"Rárá, Màmá. Ìtànṣán tó kàn án ò tó nǹkan. Mo rí sí i. Kì bá pa á lára títí dọjọ́ ogbó…"

Igbe ta lẹ́nu rẹ̀, ìyá àgbà sì fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, àwọn méjèèjì ń sunkún.