Baba Àkèré Pọnmọ, Sjoerd Kúnlẹ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Wietske fi ń retí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan ṣoṣo lẹ́nu Sjoerd, olólùfẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkèré nìkan ló ń jáde. Àpótí onígíláàsì mẹ́sàn-án ló gba ilé wọn ní ìlú Leeuwarden, ewé tútù kún inú wọn, àwọn àkèré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ sì ń fò kiri níbẹ̀, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ọsàn. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gan-an. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, akọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Sjoerd á sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún Wietske.

"Olólùfẹ́, gbọ́! Ó ń pe abo."

"Òun mọ abo pè. Ìwọ ńkọ́?"

Sjoerd ṣèlérí pé lọ́jọ́ ìbí Wietske, lójú ìyá rẹ̀, òun á sọ ọ́. Wietske náà ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀: bí ọjọ́ yẹn bá lọ lásán, ilé ìyá òun ni òun máa sùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó bá Sjoerd ní kíṣìnnì. Abọ́ tí Wietske fi ń po kéèkì ni Sjoerd fi ń gbọn eṣinṣin èso mọ́ ìyẹ̀fun fítámìnì, oúnjẹ àwọn àkèré.

"Màá fọ̀ ọ́ o."

"Fọ kí ni? Fọ orí ẹ!"

Láti ọjọ́ náà, Wietske kò fọwọ́ kan ìgò tó fi máa ń fín omi òjò sínú àwọn àpótí láràárọ̀. Sjoerd kò tiẹ̀ fura.

Ọjọ́ ìbí pé. Wọ́n to àga yípo bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹbí ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, wọ́n ń kí kálukú kú oríire ọlọ́jọ́ ìbí, bí àṣà wọn. "Sjoerd, o kú oríire Wietske," ni Àǹtí Hiltje wí. "Bó bá jẹ́ tìẹ ni o. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan." Baukje, ìyá Wietske, gbé agolo bisikíìtì yípo, kálukú mú ẹyọ kan péré, torí kò sẹ́ni tó ń rí èkejì mú rí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dé e pàkà.

Sjoerd dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lápò.

"Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan..."

Ojú rẹ̀ fò kọjá orí wọn. Ó la àárín àga kọjá, ó sì kúnlẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀!" Àǹtí Hiltje pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó kúnlẹ̀!"

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Wietske ló kẹ́yìn sí. Iwájú orí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì àpótí kan.

"Ẹ má pariwo! Baba ti pọn ọmọ! Légbélègbé wà lẹ́yìn ẹ̀!"

"Àkèré ń gbé ọmọ," ni Baukje wí, "ìwọ ò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan."

Wietske dìde. Ó lọ mú kóòtù rẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti wọ̀ ọ́ nígbà tí ohùn Sjoerd yí padà.

"Kò rí omi tó máa gbé ọmọ sí. Ó ti yí àpótí ká lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo kòtò ewé ló gbẹ. Kí ló dé? Omi kì í tán níbẹ̀!"

"Kì í tán?" Wietske bú sẹ́rìn-ín ìbínú. "O rò pé òjò ló ń rọ̀ nínú àpótí? Èmi ni! Ọdún mẹ́ta, láràárọ̀, èmi ni! Kúrò níbẹ̀ jàre."

Ó já ìgò náà lórí ìkọ́, ó ṣílẹ̀kùn gíláàsì, ó sì rọra fín omi sí àárín ewé. Baba àkèré dúró, ó wò, ó fẹ̀yìn rìn wọnú omi. Ọmọ náà yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ.

"Ìwọ ni," ni Sjoerd ń wí sí gíláàsì. "Ìwọ ni látọjọ́ yìí. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀, èmi àbí àkèré?"

"Ìwọ."

"Yíjú síbí!"

Ó fi orúnkún yí padà. Àmì gíláàsì wà níwájú orí rẹ̀. Òrùka tó fà yọ lápò ti funfun fún ìyẹ̀fun fítámìnì.

"Àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ń jáde lónìí," ni Wietske wí.

"Lónìí?"

"Kí kọfí tó tutù."

Sjoerd mí kanlẹ̀. "Ó dáa."

Wietske fẹ́ atẹ́gùn sí òrùka náà, ó fi bọ ìka, kóòtù ṣì wà lápá rẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ bá tún ṣí agolo bisikíìtì.

"Baukje!" Àǹtí Hiltje lanu. "Bisikíìtì kejì?"

"Ẹ tètè mú un, kí n tó dé e padà."